Alága Tó Fẹ́ Hun Sányán ní Calgary

Àwa tí a ti fọwọ́ ara wa se ilé kòkòrò sányán nínú omi eérú kò pọ̀ mọ́ láyé, mo sì wà lára àwọn tó ṣẹ́kù. Mi ò fi yangàn. Iṣẹ́ tó ń yún ara ni. Irun wẹ́wẹ́ tí kòkòrò náà fi ń bo ilé rẹ̀ máa ń wọ èèyàn lára bíi wèrèpè. Ìyá mi, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń ra òwú sányán, a máa fi àdí pa wá lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́ kí a tó fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ a ó họra títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan wọ aṣọ aláwọ̀ ẹ̀wà sísè, tó ń pariwo pé sányán ni òun wọ̀, tí ara kò sì yún un rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, màá wò ó láti òkè dé ilẹ̀, màá sì gbójú kúrò.

Ohun kan wà tí ìyá mi kì í fi ṣeré. Bí ará oko bá gbé ilé kòkòrò wá tà, kì í kọ́kọ́ bi í pé èló ni. Igi tó ti já a ni yóò bi í. Tó bá ní orí arère ni, ìyá mi á ní kó sọ ẹrù kalẹ̀. Tó bá ní orí ìrà ni, á ní kó sọ ọ́ kalẹ̀ sápá kejì, nítorí òwú tí yóò ti inú rẹ̀ jáde kò ní rí bákan náà. Tí ẹni náà bá wá ń kólòlò, tó ní, "Igi ṣáà ni, ìyá," ìyá mi á ní kó padà lọ wo igi náà dáadáa kó tó máa wá fi ẹnu tà á.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ojú tí mo fi wo alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ní Calgary, ní Canada, nígbà tó ní òun rí sányán.

Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin mi ni mo ń gbé níbí, ní Saddle Ridge, níbi tí ilé ti jọra débi tí mo fi ti kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn rí, tí mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi. Ọkọ rẹ̀, àna mi, ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro downtown, títí di ìgbà tí snow àkọ́kọ́ bọ́ lọ́dún náà, tí wọ́n ní kí òun àtàwọn mìíràn máa lọ sílé. Láti ìgbà yẹn ló ti ń jókòó sí basement lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá mi, tó ń kọ̀wé wáṣẹ́. Ohun tí ọmọ mi ń gbà nìkan ni a fi ń gbọ́ bùkátà, ó sì ń gba shift lé shift. Mi ò ní purọ́ fún yín, àna mi sú mi nígbà náà. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn ò kàn mí. Bó ṣe máa ń sọ "yes sir, thank you sir" sínú fóònù, tó sì ń tẹrí ba fún ẹni tí kò rí i, ìyẹn ló ń bí mi nínú. Màá wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, màá máa gbọ́ ọ lára ògiri, màá sì máa bi ara mi pé ṣé ẹni tí ọmọ mi mú nìyí láàrin gbogbo àwọn tó wá.

Alága ló tóbi jù nínú àwọn sir wọ̀nyẹn. Ọ̀gá ni ní ilé iṣẹ́ epo kan, Beltline ló sì ń gbé, nínú ilé onígíláàsì tó ga débi pé ẹ̀yìn ẹyẹ lèèyàn máa ń rí láti ojú fèrèsé. Ọkùnrin náà kò burú lójú. Ó kàn jẹ́ pé kì í fi ohùn tí ọmọ aráyé fi ń sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ kí wọ́n bu omi fún òun, á dà bí ẹni pé ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Ó ti sọ fún ọmọ mi pé kí ọkọ rẹ̀ fi CV ránṣẹ́ sí òun. Ó ní, "Màá wò ó." Gbólóhùn kékeré yẹn ni gbogbo ilé fi ń sùn, tí wọ́n fi ń jí. Bí a bá ń gbàdúrà òwúrọ̀, ọmọ mi á dárúkọ Ọlọ́run, á sì dárúkọ alága tẹ̀ lé e, bí ẹni pé orí àga kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí.

Ní Sunday kan nínú April, tí snow ti yọ́ lápá kan tó kù lápá kan, alága wá kí ẹnì kan ní àdúgbò wa. Dókítà ti ní kó máa rìn dáadáa, nítorí náà ó rìn lọ sí àfonífojì gbígbẹ tó wà lẹ́yìn ilé tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti rí i lára àwọn igi kúkúrú kan tí kò tíì rúwé. Ilé kòkòrò ni, ó gùn tó ìka ọwọ́, ó ṣonṣo lórí, ó ṣonṣo nídìí, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ ti sányán. Ẹ̀yin náà ì bá pè é ní sányán, tó bá jẹ́ pé inú mọ́tò tó ń sáré lẹ wà. Alága ṣẹ́ ẹ̀ka náà kún inú ọ̀rá.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwòrán rẹ̀ ti dé orí WhatsApp ẹgbẹ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Olódùmarè ti fi aṣọ àwọn baba wa ránṣẹ́ sí wa ní ilẹ̀ òtútù. Ẹ wá wo àmín. Àwọn tí kò lè ya òwú sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá ń kí i kú oríire. Ẹnì kan ní kó tètè lọ forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kí àwọn òyìnbó má baà gbà á. Ẹlòmíràn, tó jẹ́ pé ó kàwé o, ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé sányán máa ń hù ní Canada. Ó ní ó ń hù. Mo gbé gíláàsì ojú mi wọ̀, mo tún un kà.

Alága ní fìlà ni òun máa kọ́kọ́ fi ṣe, èyí tí òun máa dé lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún búra fún òun sípò alága. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa hun ún tà. Ohun tó kù ni kí àgbà kan tó mọ sányán jẹ́rìí sí i. Gbogbo wọn sì mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí ibi tí ọmọ mi jókòó sí tí kì í ti í sọ̀rọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ àti iṣẹ́ sányán tó kọ́ mi.

Àna mi ló wà mí lọ sí Beltline. Kí n tó jókòó ni òórùn ti pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Alága kò dúró dè mí. Ó ti da èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé kòkòrò náà sínú pressure cooker ìyàwó rẹ̀, ó bu baking soda lé e, ó ní fídíò kan ni òun wò. Ohun tó wà nínú ìkòkò yẹn, mi ò fẹ́ kí ẹ máa rò ó. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń yọ̀, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ sì ti bẹ́ mọ́ ọn. Ìyàwó alága jókòó lọ́hùn-ún, ó ń wo ìkòkò rẹ̀ bí ẹni tí olè ń kó lẹ́rù lójú ara rẹ̀.

"Ẹ wò ó, mà," ni alága wí. "Ó ti ń di òwú."

Mo mú ọ̀kan nínú àwọn tí omi kò tíì kàn, mo mì í sétí. Ó wúwo, nǹkan kan sì ń gbá ara ògiri nínú rẹ̀. Ó wà láàyè. Mo fi í ra ẹ̀yìn ọwọ́ mi, mo dúró, mo ń retí kó yún mi. Kò yún mi. Ìyẹn nìkan ti tó, àmọ́ òmíràn tún wà. Sányán kì í dá gbé. Ẹbí ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ kòkòrò á kó ara wọn jọ, wọ́n á kọ́ ilé ńlá kan bí àpò, oníkálukú á sì tún wá hun yàrá tirẹ̀ sínú. Èyí tí mo mú lọ́wọ́, ẹyọ kan nínú ilé kan ni, bí àwọn ará Beltline.

Mo wá bi í ní ìbéèrè ìyá mi. "Alága, igi wo lẹ ti ká a?"

"Igi ni, mà. Igi inú igbó."

"Báwo ni ewé rẹ̀ ṣe rí?"

"Kò léwé, mà. April la wà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo àna mi kí ìyẹn lè bá a rẹ́rìn-ín. Àna mi sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀pá mi wà lọ́wọ́ mi, Ọlọ́run ló kó mi yọ. Mo ní kí wọ́n kó àwọn tó kù fún mi kí n lọ fara balẹ̀ wò wọ́n nílé. Alága ní kò burú. Ó ní bó bá ku díẹ̀ kí ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé ọdún ní July, òun á wá bá wa nílé, òun á gbé kámẹ́rà wá, kí n lè sọ fún gbogbo ayé pé sányán ni. Kò sọ pé kí n wá sọ ohun tí mo bá rí. Nígbà tí a ń jáde, ó fọwọ́ gbá àna mi léjìká, ó ní, "CV ẹ wà lórí tábìlì mi." Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú lift, inú ọkùnrin náà ń dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n fún ní súwíìtì lẹ́yìn abẹ́rẹ́.

Ní kíṣìnì ni ọmọ mi ti dá mi dúró nígbà tí a délé.

"Mummy, kí ló máa gbà yín? Ẹ ṣáà sọ pé sányán ni. Kò sẹ́ni tó máa wá yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo ní, "Màá wò ó."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, mo sì rí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe wú. Ó ní ọ̀rọ̀ aṣọ kò kan òun. Ó ní ọkọ òun ló ń yọ́ lọ bí àbẹ́là lójú òun nínú basement yẹn, pé nínú gbogbo ìlú yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló sọ pé òun máa wo ìwé rẹ̀, ẹni náà sì ni mo fẹ́ lọ bá jiyàn nítorí kòkòrò. Mo kórira alága, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó wú yẹn, ti ọmọ mi ni.

A so àwọn ilé kòkòrò tó kù mọ́ inú apẹ̀rẹ̀ aṣọ onínẹ́ẹ̀tì kan, a gbé e sí garage kí òtútù lè máa bá wọn bó ṣe ń bá wọn níta, kí wọ́n má baà jí kí ewé tó jáde. Mo ní kí àna mi máa gbé mi lọ sí àfonífojì náà, nígbà tí kò kúkú ní ibòmíràn tó ń lọ.

Nígbà tí ewé igi náà jáde, fàdákà ni. Ojú ewé ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ń dán, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀dà ìkòkò àlùmíníọ̀mù kùn ún. Àna mi yọ fóònù, ó ya á, ó ní kí ẹ̀rọ inú rẹ̀ sọ orúkọ igi náà. Ẹ̀rọ ní willow ni. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún ya á, ẹ̀rọ ní Russian olive ni. Ó sún mọ́ ọn, ó tún ya á, ẹ̀rọ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sage. Igi kan náà, orí ìdúró kan náà. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ yẹn náà wà nínú ẹgbẹ́ wa.

Mo ní kó fi fóònù sápò. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo igi náà bí èèyàn ṣe ń wo nǹkan. Kò lẹ́gùn-ún, bẹ́ẹ̀ Russian olive tó wà lọ́gbà aládùúgbò wa máa ń fa aṣọ ya. Kò ga ju àyà mi lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ó ń yọ ọmọ sọ́tùn-ún sósì. Èso èṣí ṣì wà lórí rẹ̀, ó ti gbẹ, òun náà jẹ́ aláwọ̀ fàdákà, bí èèyàn bá sì tẹ̀ ẹ́ fọ́, bí ìyẹ̀fun ni inú rẹ̀ rí. Nígbà tí June wọlé, ó yọ òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo àfonífojì. Ó dùn, ó sì ti pọ̀ jù, bíi ti ẹni tó da lọ́fínńdà sára kó tó wọ train. Àna mi lọ yá ìwé igi ní ilé ìkàwé, ó fi èso wé èso, ó fi ewé wé ewé, kò bi ẹ̀rọ kankan. Wolf willow ni. Igi ilẹ̀ yìí gan-an ni, ó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú ilé kíkọ́ sí Saddle Ridge.

Lójú mi, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ní, ó tán, kòkòrò tó ń jẹ wolf willow ni. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé ni àna mi sọ̀rọ̀.

"Mummy, ó lè jẹ́ pé ó kàn gun ibẹ̀ lọ sùn ni. Àwa náà ń sùn sí basement, a kì í jẹ ẹ́."

Láti ìgbà tó ti fẹ́ ọmọ mi, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ta ko ọ̀rọ̀ mi. Inú bí mi títí mo fi wọlé. Ohun tó sọ sì bọ́gbọ́n mu, ìyẹn ló jẹ́ kí inú bí mi.

Òdòdó náà ṣì ń rùn nígbà tó ké sí mi láti garage láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kì í ké sí mi tẹ́lẹ̀. Á máa rọra kanlẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Àfòpiná kan ti jáde nínú ilé rẹ̀, ó rọ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì, ó ń na ìyẹ́ rẹ̀ tó ṣì tutù. Àfòpiná tí mo ti fi ìgbálẹ̀ lé jáde láyé mi kò lóǹkà, mi ò rí irú èyí rí. Bó ṣe na ìyẹ́ tán, ó gba àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì tún ṣẹ́kù. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, ó sì jinlẹ̀, bí àlàárì tí ẹni tó mọṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ. Ìlà funfun kan gba etí ìyẹ́ náà kọjá, ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní àmì funfun kan láàrin bí oṣù tuntun. Alága ń wá sányán, àlàárì ló wà nínú ilé, ó sì ti fi baking soda se é.

Ohun tó tún wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé kòkòrò náà kò lẹ́nu tó lè fi jẹun. Àna mi kà á fún mi nínú ìwé mìíràn tó yá. Gbogbo ohun tó máa jẹ láyé, ó ti jẹ ẹ́ tán kó tó hu ìyẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn kò jẹ, kò mu, ọmọ bíbí ló kù. Mo ní ohun tó lẹ́wà tó báyìí tí kò sì lẹ́nu, òun ló yẹ kí ẹgbẹ́ wa fi ṣe alága. Àna mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Mo ti gbàgbé pé ó ní eyín.

Ìwé náà kò fún wa ní orúkọ náà pátápátá. Ó ní méjì ni wọ́n tó fara jọra báyìí, tí èèyàn kò lè fojú lásán yà wọ́n. Wọ́n fi orúkọ ọkùnrin òyìnbó kan sọ ọ̀kan, bí ẹni pé òun ló lóyún rẹ̀. Ìyẹn ló ń gbé ilẹ̀ gbígbẹ apá ọ̀dọ̀ wa, wolf willow sì wà lára igi tó ń jẹ. Ìlà oòrùn ni èkejì wà, igi larch lòun ń jẹ. Nítorí náà, orí ewé la padà sí. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín: gbogbo ìwé yẹn, ìbéèrè ìyá mi ni wọ́n padà ń bi wá.

Abo ni èyí tó jáde. A gbé apẹ̀rẹ̀ náà sí ẹ̀yìnkùlé, kí oòrùn tó yọ àwọn akọ ti dé, a ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n lórí WhatsApp. Ó yé ẹyin sára nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹyin náà pa, àwọn ọmọ náà dúdú, wọ́n kéré bí èèrà, wọ́n nírun. Àna mi ti lọ tọrọ ẹ̀ka larch lọ́wọ́ onílé kan, ó kó o sínú ike pẹ̀lú ewé wolf willow, ó sì gbé àga tì í. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ sir lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gun larch, wọ́n rìn lórí rẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n dé orí wolf willow, wọ́n sì dúró. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, etí ewé ti di jágajàga. Ó wá pè mí wò ó. Ó ní, "Ó ń jẹ ẹ́, mà. Kò kàn sùn síbẹ̀." Ohùn tó fi sọ ọ́, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Báyìí ni mo ṣe mọ ohun tí kòkòrò náà jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni mo pinnu pé màá purọ́.

Kò sẹ́ni tí mo sọ fún. Alága ń bọ̀ ní Saturday, mo sì ti to gbólóhùn náà pa pọ̀: sányán ni, irú sányán ti ìlú yìí. Mo ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ bí mo bá ń wẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́ ni mo máa ń rí ojú ìyá mi, màá sì gbé ẹsẹ̀ ọmọ mi dí i.

Alága dé. Fìlà orí rẹ̀, ẹ̀rọ ló hun ún, ó ń dán bí ìwé tí wọ́n fi ń di bisikíìtì. Ó jókòó sórí àga tí kò sẹ́ni tó fi lọ̀ ọ́, ó to fóònù rẹ̀ sórí igi kámẹ́rà, ọmọ mi gbé ohun mímu wá, ó kúnlẹ̀. Alága ní ilé iṣẹ́ àwọn máa gba èèyàn ní September. Ó ní, "Tí ọ̀rọ̀ sányán yìí bá ti yanjú lónìí, ti bàbá ilé yìí náà máa yanjú." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ojú kò tì í. Ọmọ mi wò mí. Alága tẹ fóònù, ó gbé ilé kòkòrò kan sókè síwájú mi.

"Màmá wa, ẹ sọ fún wa. Kí ni èyí?"

Mo la ẹnu. Àna mi ti ń gun àtẹ̀gùn basement bọ̀, ó gbé ike àwọn kòkòrò náà dání.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kì í ṣe sányán."

"Ta ló bi ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, sir."

Ó gbé ike náà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun mímu alága, ó sì ṣàlàyé. Ó sọ bí igi náà ṣe ń jẹ́, ó sọ larch tí wọ́n kọ̀, ó sọ àfòpiná aláwọ̀ àlàárì tó jáde. Kò sáré sọ ọ́, kò sì tẹrí ba. Ó ní òwú ara ilé wọn kò ṣeé ran bíi ti sányán, pé ohun tí alága sè yẹn, nǹkan ẹlẹ́mìí ni. Alága ti na ọwọ́ pa fóònù kó tó sọ ìyẹn tán. Ó yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ní ẹjọ́ ọmọdé láti fi sùn.

"Màmá, ẹ ń gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń sọ?"

Gbólóhùn tí mo ti tọ́jú látọjọ́ yìí wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

"Mo gbọ́ ọ. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí."

Alága wo ike náà, ó wo àna mi. "Ẹ ò rí nǹkan. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń tọ́ ìdin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sir," ni àna mi wí. "Mo ráyè."

Alága ká igi kámẹ́rà rẹ̀, kò sì fẹnu kan ohun mímu náà. Lọ́jọ́ kejì ó kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n búra fún un, fìlà onídídán yẹn náà ló dé, ẹnì kan sì gba makirofóònù láti sọ fún ìjọ ènìyàn pé sányán Calgary àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wà níbẹ̀. Mo sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ kí i, mo fọwọ́ kan etí fìlà náà. Ọ̀rá ni.

September dé, kò sẹ́ni tó pe àna mi. Bóyá alága lágbára àtifún un níṣẹ́, bóyá kò lágbára àtigba agbálẹ̀, a ò mọ̀ títí dòní, mi ò sì bèèrè. Iṣẹ́ tí àna mi padà rí, ní ilé ìkẹ́rùsí kan lápá ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ sí, kò bá ìwé tó kà mu. Ọmọ mi ṣì ń gba shift. Mi ò ní fi oyin sí i fún yín.

Ṣùgbọ́n Saturday yẹn gan-an ló wà lójú mi. Nígbà tí alága lọ tán, ọmọ mi da ohun mímu náà nù. Ó fọ ife náà, ó tún un fọ̀. Ó wọ kíṣìnì, a ń gbọ́ bó ṣe ń fi ìbínú gbé ìkòkò kà á. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó gbé oúnjẹ wá síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì padà. Ó tún bọ̀, ó bu ẹran kún un, ẹran tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀.

Àna mi wo abọ́ náà. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ pààrọ̀ ewé àwọn kòkòrò yẹn.

"Jẹun," ni ọmọ mi wí. Ojú rẹ̀ ṣì le. Ó gbé ike náà kúrò lórí tábìlì, ó nà án jìnnà sí ara rẹ̀, ó sì bi mí pé èwo nínú àwọn ewé tó wà ní garage ni wọ́n ń jẹ.